Ìjókòó Ìdí Ọkọ̀

Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀yìnkùlé wa, kò wo ẹ̀fọ́ tí mo gbìn, kò sì béèrè àwọn adìyẹ tí a ti ń pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi se omi ọbẹ̀ fún un. Ọkọ̀ rẹ̀ ló lọ wò. Ọkọ̀ oníke pupa ni, kúkúrú, tí ìdí rẹ̀ rí roboto, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń ṣeré nínú omi tó ń hó. Gbogbo ìgbà tó fi wà lórí ibùsùn ni ọkọ̀ náà fi wà nínú oòrùn láìsí tapólì lórí rẹ̀, oòrùn sì ti là á láti iwájú títí dé ibi ìjókòó. Ó ki ìka bọ ojú ibi tó là náà, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tọ̀ ọ́ dé òpin, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó bú sẹ́kún.

Kò sunkún báyìí nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, tí ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, tí ọwọ́ òsì náà di ohun tó ń fi ọ̀tún gbé, ńṣe ló ń fi àwọn nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń bi wọ́n pé ta ló jí ìlàjì òun gbé. Èmi ni mo máa ń jáde sí kọ́rídọ̀ lọ sunkún tèmi. Àmọ́ lórí búlọ́ọ̀kù yẹn, èmi dúró, òun ló ń sunkún, mi ò sì mọ ohun tí màá ṣe ju kí n máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn lọ.

Ègùn ni ọkọ mi. Wọ́n bí i sórí ilẹ̀ iyanrìn tóóró tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ní Àgbádárìgì. Lápá kan ilẹ̀ náà, omi ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́, lápá kejì, òkun ń fọ́ mọ́ iyanrìn tọ̀sán-tòru. Ẹja pípa ló jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ pupa yẹn ní tiẹ̀, ó rí i láàárín àwọn fíríìjì àti mátírẹ́ẹ̀sì tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó gba Kútọnu wọlé, ó sì kó sí i lórí. Ní ọjọ́ Sátidé tí kò bá lọ pẹja, á gbé e rù, á fẹsẹ̀ la iyanrìn kọjá lọ sétí òkun, á wọ inú rẹ̀, á sì kọjú sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ìgbì á gbé e sókè, á sọ ọ́ sílẹ̀, á dojú rẹ̀ dé, ọkọ mi á fi ìbàdí yí ọkọ̀ náà padà, á jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín pẹ̀lú omi nímú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń bi í pé irú ẹja wo ló ń pa láìgbé àwọ̀n dání. Ó ní ìgbì ni òun ń pa.

Èmi, Èkìtì ni mo ti wá. Omi tí mo mọ̀ kí n tó dé etíkun kò ju ti inú ìkòkò lọ, àti odò kan tí kì í mu wá kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá títì márosẹ̀, Tíṣà náà ni ọkọ mi sì ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti pàdé. Ẹnu mi mú, ara mi kì í gba nǹkan, òun sì fẹ́ràn kó máa tọ́ mi kí n lè máa bú u. Bí ó ṣe ń gbé mi sọdá ọ̀sà nígbà tí ó ń fẹ́ mi sọ́nà ni mo ti mọ̀ nípa ìdí ọkọ̀. Ẹni tó bá jókòó sídìí, lẹ́yìn pátápátá, ni atukọ̀. Òun ló ń darí, òun ló ń pàṣẹ, òun ni ẹ̀mí gbogbo èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò, obìnrin, ọlọ́lá, olówó, iwájú ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti gba àjẹ̀ ìtukọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò jókòó síwájú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán lórí búlọ́ọ̀kù, ó ní, "Tíṣà, bá mi wá òmíràn."

Mo ní, "Irú èwo?"

"Irú èyí. Bí mi ò bá tún wọ inú ìgbì yẹn, má kà mí mọ́ àwọn tó yè."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù nítorí pé mo mọ̀ pé kò fi ṣeré. Tí ọkọ mi bá ń ṣeré, ojú ọ̀tún rẹ̀ máa ń kéré sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ojú méjèèjì là kedere.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa ọkọ̀. Tí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, màá jókòó sí igun yàrá àwọn olùkọ́, màá fi fóònù wo fídíò àwọn òyìnbó tí wọ́n ń já bọ́ láti orí àpáta pẹ̀lú omi, tí wọ́n ń hó yèè bí ẹni pé wọ́n bí wọn síbẹ̀. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ wa ọkọ̀ yẹn dé Yúróòpù ni. Mo rí i pé ọkọ̀ kúkúrú onídìí roboto, tí imú àti ìrù rẹ̀ tẹ̀ sókè, ló wà fún omi tó ń hó, torí ó máa ń gun orí ìgbì, ó sì yá láti yí. Àmọ́ lórí omi tó dákẹ́, kì í lọ tààrà, ṣe ni á máa mì sọ́tùn-ún mì sósì. Èyí tó gùn tó sì mú lẹ́nu ń lọ tààrà lórí ọ̀sà, ṣùgbọ́n tí ìgbì bá dé, á ki imú bọ abẹ́ omi. Òmíràn wà tó pẹlẹbẹ, tí èèyàn ń jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí ẹní. Òmíràn tún wà tó gùn tó sì fẹ̀, tó ní ìjókòó méjì.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó kan nínú fídíò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ọkọ̀ kúkúrú yẹn. Ó ní orúkún lèèyàn fi ń dì í mú. Wàá ti orúkún méjèèjì mọ́ àjà inú ọkọ̀, kí ọkọ̀ àti ìbàdí rẹ lè di ọ̀kan. Bí orúkún kan ò bá lágbára, ọkọ̀ ló máa máa wà ọ́. Mo pa fóònù náà. Mo lọ kọ́ àwọn ọmọ níṣirò, mi ò sì mọ ohun tí mo kọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún un pé ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì la máa rà.

Ó ní, "Ta ni ẹnì kejì?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ìwọ ọmọ Èkìtì yìí? Ìwọ tó ń di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba abọ́ iyán lọ́wọ́ rẹ̀?"

Inú bí mi. Mo sọ ohun tí mo ti ń fi pa mọ́ fún un, pé nígbà tó wà ní ọsìbítù, mo ti ń tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pẹja lọ sétí ọ̀sà ní àárọ̀ Sátidé, pé kó kọ́ mi ní ọkọ̀ títù. Mo ní kò sóhun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ọ̀sà mọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Tó bá wá jẹ́ àwa méjì," ló sọ, "ta ló máa jókòó sídìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn nígbà tí mo ń sọ ọ́. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ á máa sàn sí i, pé èmi á máa fi agbára mi kún un láti iwájú, òun á sì máa darí. Síbẹ̀, ó ní òun á kọ́kọ́ wo èyí tó wà fún ìgbì ná. Mo gbà fún un.

Àgbàlá oníṣòwò tòkunbọ̀ kan lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ la lọ. Ọkùnrin oníkùn gbẹ̀ǹdù kan ló ni ín, kò sì mọ ohun tó ń tà. Ó ní ọpọ́n ìwẹ̀ àwọn ọmọ òyìnbó ni, ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́, a tún lè fi po sìmẹ́ǹtì. Ọkọ mi kò tilẹ̀ bínú sí i. Ó ti rí ọkọ̀ kúkúrú kan tó ní àwọ̀ ewé láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún pa ìdí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbá a, ó tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Ojú rẹ̀ padà di ojú ọkùnrin tí mo fẹ́, inú mi sì dùn gan-an. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá èmi ni mo ń ṣojo, pé kí ni òyìnbó inú fóònù mọ̀ nípa ọkọ mi?

Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń dán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kí èèyàn mọ̀ bóyá ó bá òun mu. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi. Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú rẹ̀, mo bá a gbé ti òsì wọlé. Nígbà tó jókòó dáadáa, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìbàdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ náà ń tẹ̀lé e lórí iyanrìn.

"Ó bá mi mu," ló wí. "Tíṣà, ó bá mi mu."

Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ sí ọ̀tún, bó ṣe máa ń ṣe tí ìgbì bá fẹ́ gbé e. Ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Orúkún òsì ló yẹ kó fi fà á padà. Mo rí i tó ń gbìyànjú, mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó dìde, ṣùgbọ́n orúkún náà kò jẹ́ ẹ. Ọkọ̀ dà wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú rẹ̀ nínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọ inú iyanrìn.

Oníṣòwò náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé ọkọ mi kò lè jáde, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jáde, ti òsì ká sínú ihò ọkọ̀. Àwọn èèyàn sá wá láti ìsọ̀ kejì. Ọkùnrin oníkùn yẹn mú un lábíyá, èmi ki ọwọ́ bọ inú ọkọ̀ dé èjìká, mò ń wá ẹsẹ̀ ọkọ mi nínú òkùnkùn ibẹ̀ kí n lè nà án. Bí a ṣe fà á yọ, bàtà rẹ̀ kù sínú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan láìwọ bàtà, níwájú gbogbo wọn, iyanrìn sì lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Mo fẹ́ nù ún kúrò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ mi kúrò.

Oníṣòwò náà bẹ̀rẹ̀ pé, "Ká ní inú omi nìyí ni..."

Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo pariwo débi tí ajá kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ọkọ mi na ìka sí ọkọ̀ yẹ́lò ẹlẹ́ni méjì tó wà lẹ́bàá ògiri. "Ẹ gbé ìyẹn," ló sọ. Kò dán an wò, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọkọ̀ yẹ́lò náà wà ní ẹ̀yìnkùlé fún ọjọ́ púpọ̀. Mo ń sá aṣọ lé e lórí. Ọkọ mi ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí balùwẹ̀ láìwò ó. Mo ti ń ronú pé kí n tà á nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó kọ́ mi ní ọkọ̀ títù, wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Ègùn máa ń yọ nínú Yorùbá rẹ̀, yòvó ló sì ń pe òyìnbó.

Ó bi mí pé, "Ìyàwó wa, ọkọ̀ yòvó yìí, ṣé aṣọ ló ń gbé sọdá ni?"

A rẹ́rìn-ín, èmi àti òun. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ní, "Tíṣà, kó aṣọ rẹ kúrò. Ká lọ."

Ọ̀rẹ́ náà bá wa gbé ọkọ̀ dé èbúté, ó dì í mú fún wa. Ọkọ mi jókòó sídìí, èmi síwájú, a wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Omi dákẹ́, kò sí afẹ́fẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń wa omi, ti òsì kàn lẹ̀ mọ́ àjẹ̀ ni. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sápá òsì. Mo wa tèmi lódìkejì, kò ràn án, torí ìdí ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀. A yí po títí a fi tún kọjú sí èbúté tí a ti kúrò. Ó tún gbìyànjú. A tún yí po. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn mi, mi ò sì bojú wẹ̀yìn, torí mo mọ̀ pé kò ní fẹ́ kí n rí òun.

Nígbà tí ọkọ̀ forí sọ koríko etí omi, ó ní, "Bọ́ sílẹ̀. Wá síbí."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì nìyí."

"Tíṣà. Wá síbí."

Omi dé orúkún mi níbi tí mo dúró sí. Mo fà á sókè, ó fi gbogbo ara tẹ̀ mí, a rọra pààrọ̀ ìjókòó. Mi ò fẹ́ jókòó sídìí ọkọ̀ yẹn. Mo fẹ́ sọ fún un pé mi ò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ì bá wá gbé wa délé? Mo jókòó. Mo mú àjẹ̀.

Ọkọ̀ náà lọ tààrà. Ó ń fi ọ̀tún wa omi níwájú mi, gbogbo bí ọkọ̀ bá ṣe fẹ́ yà sósì ni mò ń fi àjẹ̀ tún un ṣe lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, kí ìró omi má bàa tú mi fó. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó ti tín-ín-rín, irun funfun tó ti hù níbẹ̀, èjìká kan tó ga ju èkejì lọ. A lọ títí dé apá ibi tí ilẹ̀ iyanrìn ti tóóró jù, tí èèyàn ti lè gbọ́ òkun lódìkejì. Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ní kí n dúró. Ọkọ̀ léfòó níbẹ̀. Ìgbì ń fọ́ ní apá ọ̀hún, a kò rí i, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ó ga lónìí," ló wí. "Èyí tó ń bọ̀ yìí tóbi. Gbọ́ ọ. Jẹ́ kó kọjá. Ó kù. Ó ku ọ̀kan sí i. Ó yá, bọ́ síbẹ̀ báyìí."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ìbàdí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí ìjókòó.

Mo ní, "Ṣé ká gúnlẹ̀? Màá dì yín mú, a ó rìn díẹ̀díẹ̀ lọ wò ó."

Ó mi orí pé rárá. Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ lé itan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì lé e lórí, kò sì tún gbé e mọ́. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ó ń sunkún, òun náà sì mọ̀ pé mò ń rí i, kò sì sí ibòmíì tí kálukú wa lè kọjú sí. Mo yí ọkọ̀ padà. Èmi nìkan ni mo wà á délé.

Àwọn apẹja ti pọ̀ ní èbúté nígbà tí a dé, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ní ibẹ̀, bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, atukọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Bí ẹni tó wà níwájú ti wù kó lọ́lá tó, á dúró ná. "Mì kúàbọ̀, atukọ̀," ni wọ́n ń fi Ègùn kí i, pé ó káàbọ̀, atukọ̀ á sì dáhùn pé, "Gbogbo wa dé." Àwọn ọkùnrin náà rí ibi tí ọkọ mi jókòó sí, wọ́n sì rí ibi tí èmi wà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n wọ inú omi wá bá a níwájú ọkọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣíwájú wọn.

"Atukọ̀!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é. "Mì kúàbọ̀!"

Ọkọ mi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó dá wọn dúró.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kí. Òun ló gbé mi dé."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo omi. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ di etí ọkọ̀ mú, ó rìn nínú omi wá sí ẹ̀yìn, sọ́dọ̀ mi, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

"Mì kúàbọ̀, atukọ̀," ló wí fún mi.

Wọ́n dúró yí mi ká, wọ́n ń retí. Ọkọ mi kò bojú wẹ̀yìn.

"Dá wọn lóhùn, Tíṣà," ló wí.

Mo ní, "Gbogbo wa dé."